Àyè Òfìfo Inú Pàgódà Myasigon

Ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ wò tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Kò sí ẹni tí ń wọ bàtà dé ìdí pàgódà, òkìtì mímọ́ tí a ń gbàdúrà yí ká, ìbáà ṣe ọlọ́lá, ìbáà ṣe arúgbó, bẹ́ẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, táìlì ibẹ̀ a máa gbóná bí agbada tó wà lórí iná. Gbogbo èèyàn ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún bí ológoṣẹ́, wọ́n ń sá lọ sórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àwọn tó ń yí pàgódà ká. Ṣùgbọ́n Pwint, ọmọ mi, dúró sórí táìlì láàárín oòrùn, ó gbójú sókè, ó rọra dúró bí ẹni tó wà nínú omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo sáré gbé e. Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù bí ìdí àmù.

"Màmá Ohn," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ yìí."

Màmá Ohn ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ó yára fà á padà, ó sì nu ọwọ́ náà mọ́ ìró rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ọmọdé ni," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ wọn kò tíì gbóná." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ mu.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin ni Pwint. Kò sí ohun tó ń ṣe é tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣá ti mú, lọ́dọọdún, a máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, àyà rẹ̀ mọ́. Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní gbogbo agbègbè wa, ó kọ oúnjẹ pátápátá. Mohinga, ọbẹ̀ ẹja tó máa ń lá abọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò wò ó. Ohun kan ṣoṣo tó ń bèèrè ni pé, "Màmá, ìgbà wo la máa lọ sí ilé tí kò nílẹ̀kùn?"

Mo mọ ilé tó ń wí. Pàgódà kì í ṣe ilé tí èèyàn ń wọ̀. Bíríkì ló kún inú rẹ̀ látìsàlẹ̀ dókè. Àwa a máa yí i ká ni, a ó fi í sí apá ọ̀tún wa, a ó gbàdúrà, a ó sì bá tiwa lọ. Myasigon yìí, tó wà lódìkejì odò sí abúlé wa, ni mo ti kúnlẹ̀ tọrọ ọmọ nígbà tí ẹnu ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì. Kí òṣùpá tó yí po, mo lóyún. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ibẹ̀ náà ni mo ní ká gbé e lọ. Kí n lè dì í mú ni. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń wá láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ èèpo igi olóòórùn lórí òkúta, mo fi atíke rẹ̀ ya ewé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bí a ti máa ń ṣe nítorí oòrùn. Mo ń kánjú. Ewé apá òsì ṣẹ́ lórí, ṣóńṣó rẹ̀ wọ́ lọ sí ìdí etí. Mo fẹ́ pa á rẹ́, ọkọ mi, Htun Lin, ní kí n fi sílẹ̀, odò ń fà. Òun ló tu ọkọ̀ wa débẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bí a ti dé, Htun Lin bá àwọn ọkùnrin gòkè lọ lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ara pàgódà. Àwa obìnrin kì í gòkè. Wọ́n kọ ọ́ sára géètì àtẹ̀gùn: OBÌNRIN DÚRÓ NÍBÍ. Èmi àti Màmá Ohn mú Pwint lọ sí igun ìwọ̀-oòrùn, nítorí ọmọ Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ ìbí kọ̀ọ̀kan ló ní igun tirẹ̀, ìyẹn sì ni ti Ọjọ́bọ̀. A ń bu omi tútù da ère kékeré tó wà níbẹ̀ lórí.

"Ẹ̀yin ọmọ Ọjọ́bọ̀, ẹ rọra o!" obìnrin kan tó tò sẹ́yìn wa pariwo. "Ère yín kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ!"

"Jẹ́ kó wẹ̀," Màmá Ohn dá a lóhùn. "Oòrùn tó ń pa ìwọ náà ló ń pa òun. Àbí ìwọ wẹ̀ kí o tó wá?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Pwint kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tẹ́tí sí àwọn ìyá tó ń padà lọ sílé lẹ́nu géètì ńlá. Wọ́n ń ké pe ọmọ wọn, bí a ti máa ń ṣe kí ẹ̀mí ọmọ tí ibẹ̀ bá wù má bàa dúró sẹ́yìn: orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí a bí i. "Sabei, ọmọ Ọjọ́rú, ó yá, ilé yá o!"

"Màmá," Pwint ní, "bí ẹ bá ń pè mí, ẹ fi orúkọ pè mí o. Ẹ má kàn sọ pé ọmọ mi."

"Ta ni mo tún bí lẹ́yìn ẹ?" mo ní, mo fi ìka gbá a nímú.

Ó gbójú sókè padà.

Bàbá Kywe jókòó lábẹ́ òjìji níbẹ̀, eyín rẹ̀ pọ́n bí ẹni jẹ obì sùn. Òun ni olórí àwọn bíríkìlà tó ń tún pàgódà náà ṣe lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀. Wọ́n ti fi ọparun hun gbogbo apá ìwọ̀-oòrùn bí apẹ̀rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ là níbẹ̀. Bàbá yìí rí i pé mò ń wòkè, inú rẹ̀ sì dùn. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, ìyá ọmọ," ó ní. "Ẹ wo ìpele tó wà lórí ìpele, bí ẹni to ẹní. Lẹ́yìn ìyẹn, agogo ńlá. Lórí rẹ̀, abọ́ oúnjẹ àlùfáà tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Lórí ìyẹn, òdòdó ojú omi. Lẹ́yìn náà, òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì là, kó tó wá kan agboorùn wúrà lókè téńté. Kò sí òpó kankan níbẹ̀ o! Ìwúwo rẹ̀ ló gbé e ró. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú láti ayébáyé, ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà yẹn, ẹ wá ibi tó ti ṣẹ́ kí ẹ fi hàn mí."

Mo wá a, n kò rí i. Ìlà náà ṣàn wálẹ̀ láti ojú ọ̀run bí oyin tí a ń dà láti inú ìgò, ó rọra fẹ̀, ó rọra fẹ̀, títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀. Oòrùn wà lára wúrà rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, àwọn ṣaworo etí agboorùn ń dún wínniwìnni nínú afẹ́fẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, mo gbàgbé ẹ̀rù mi.

"Èyí tó wà nínú lẹ́wà jù ú lọ," Pwint wí.

Bàbá Kywe rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ti gbọ́n o! Kí ló wà nínú, ìyá àgbà?"

"Kékeré kan," Pwint ní. "Ọrùn rẹ̀ tẹ̀, bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin jókòó sí igun rẹ̀, wọ́n dojú kọ ògiri. Ọ̀kan ti jáde."

Ẹ̀rín náà kú sẹ́nu bàbá. Ó wò mí, ó wo Màmá Ohn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ní láti tẹ̀ mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

"Ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún un. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Àná la rí i. Èmi àti olórí àlùfáà nìkan la tíì wo ibẹ̀. Mo ti àtùpà bọ inú ibi tó là. Pàgódà kan wà nínú, ti àwọn ará àtijọ́, ńṣe ni wọ́n kọ́ ńlá yìí bò ó mọ́lẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lóòótọ́. Ère amọ̀ jókòó sí igun kọ̀ọ̀kan, ó tó ọmọ yìí ní gíga." Ó nawọ́ sí apá tó là. "Igun ìwọ̀-oòrùn ló ṣófo. Eruku bo gbogbo ibẹ̀, ìyá ọmọ, ó nípọn bí aṣọ òtútù. Àyè yẹn nìkan ni eruku kò sí. Ẹ ó rí ojú ibi tí ẹnì kan jókòó sí."

Màmá Ohn ti dì mí lọ́wọ́ mú. "Ìgbà wo lẹ máa dí i?"

"Lónìí. Bí àwọn àlùfáà bá ti parí àdúrà ọ̀sán. Ẹ kò gbọ́ wọn ni?"

Mo ń gbọ́ wọn. Ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí àdúrà bá ń sún mọ́ òpin.

Màmá Ohn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó, fara balẹ̀ gbọ́ mi," ó wí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. "Mo ti fura láti ọjọ́ tí a sọ ọmọ yìí lórúkọ, n kò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́ ni. Àwọn ọmọbìnrin ló ń ṣọ́ ìṣúra inú pàgódà àtijọ́. Wọ́n máa ń fún wọn láàyè kí wọ́n jáde wá wo ayé díẹ̀, bí ìjọba ṣe ń fún ṣọ́jà ní líìfù. Ẹni tó bá tọrọ ọmọ níbẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá wà lẹ́nu líìfù, òun ni yóò bí i. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ti ilé, wọ́n á pe ẹni tó wà níta wọlé."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Gbé e! Jẹ́ kí odò wà láàárín àwa àti ibí yìí kí wọ́n tó mọ bíríkì tó kẹ́yìn."

Mo yíjú padà. Pwint kò sí níbi tí mo fi í sí.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́; aṣọ tí wọ́n ta sórí ọparun ń lù pàpàpà; ṣùgbọ́n ṣaworo kankan kò dún lókè mọ́. Mo wá rí i. Ó ti kọjá géètì, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, kò sáré, kò wẹ̀yìn, ó ń lọ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ nínú ilé tirẹ̀.

Mo sáré dé géètì. Màmá Ohn gbá ìró mi mú látẹ̀yìn.

"O kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀! Bí o bá fi ẹsẹ̀ obìnrin tẹ ibẹ̀, o ti fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un. Pè é! Ìyàwó, pè é!"

Mo rí Htun Lin lókè, ní apá àríwá, ó ti rí ọmọ náà, ó ń sá bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà tí ẹsẹ̀ gbogbo wa ti mọ̀ láti kékeré, ó fi pàgódà sí apá ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀nà tó jìn ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí gbogbo rẹ̀ po, ní ìpele tó gùn jù lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹsẹ̀ wa láti gba ọ̀nà òsì rí.

Pwint dé ojú ibi tó là. Ó tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Ó wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ ó mọ̀ pé ohun tó máa ń ti ẹnu ìyá jáde nírú àsìkò yẹn kì í ṣe ohun tó rò. Inú ló ti ń wá.

"Ọmọ mi!" mo kígbe. "Ọmọ mi o! Ó yá, ilé yá! Ọmọ mi, máa bọ̀!"

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, ṣaworo kan ṣoṣo dún. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹni kékeré kan sì yọ jáde nínú ibi tó là náà, eruku bò ó látorí dé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí mi. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kan táìlì ìsàlẹ̀, ó fò sókè.

"Yéè! Màmá! Ilẹ̀ gbóná! Ẹ gbé mi, ẹ gbé mi!"

Mo gbé e. Mo gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó gbóná.

"Ó gbóná!" Màmá Ohn bú sẹ́kún, ó ń fi ẹsẹ̀ ọmọ náà han àwọn tí kò mọ̀ wá rí. "Ẹ wá fọwọ́ kàn án! Tiwa ni! A ti gbà á!"

"Ẹsẹ̀ tó gbóná lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn," obìnrin tó bá wa ṣàwàdà lẹ́ẹ̀kan wí, "ìyẹn náà ti di iṣẹ́ ìyanu?"

Mo fi omi wẹ eruku kúrò lójú ọmọ náà. Kò sí ewé kankan lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní òógùn ló wẹ̀ ẹ́ lọ.

Lókè, Htun Lin ti dé ojú ibi tó là. Ó ti orí bọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yọ orí jáde, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wò wá nísàlẹ̀, títí àwọn bíríkìlà fi ní kó jọ̀wọ́ yẹra, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ wọn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, àjẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń wò. Mo ní ẹ̀rù ló bà á.

Ọmọ náà jẹun lọ́jọ́ náà. Ó jẹ ní ọjọ́ kejì. Ó lá abọ́, ó tún lá ìkòkò. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó ń sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹrẹ̀ ṣeré. Ẹ̀mí mi rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ni mí, ojú ìyá kì í sinmi. Mo rí i pé ó fẹ́ràn ilẹ̀kùn. A máa ṣí i, a máa tì í, a máa ṣí i, a sì máa rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́ bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Mo rí i pé bí mo bá ní "Pwint", kì í yíjú. Bí mo bá ní "ọmọ mi", eré ló máa ń fi wá.

"Etí rẹ̀ ń dun ún ni," Màmá Ohn ní. "Eruku ló wọ̀ ọ́ létí."

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, tí àsìkò ọdún iná, tí a ń tan àtùpà sí gbogbo ilé, dé, mo ní ká padà lọ dúpẹ́ ní Myasigon. Htun Lin kò fẹ́ lọ. Ó ní ọkọ̀ ń jò. Mo wo inú ọkọ̀, kò jò. A lọ.

Mo bu omi, mo fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí igun ìwọ̀-oòrùn. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó kọjá lọ sí igun àríwá, igun àwọn ọmọ Ọjọ́ Ẹtì, ó wọ àárín àwọn tó tò síbẹ̀, ó bu omi da ère ibẹ̀ lórí, ó sì fi ọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀.

"Ọmọ mi, ibí kọ́," mo ní. "Ọjọ́bọ̀ ni tìẹ."

"Rárá, Màmá. Ibí ni."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ gbàgbé ọjọ́ tó bí i! Àbí o ń sùn nígbà tó ń jáde ni?"

Mo yíjú sí ọkọ mi kí òun náà lè rẹ́rìn-ín, kí ara lè tù mí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó mú mi lọ sẹ́yìn òpó àgọ́ kan. "Yin," ó pe orúkọ mi, "ìgbà tí mo ti orí bọ ibẹ̀, igun ìwọ̀-oòrùn kò ṣófo mọ́."

Mo di òpó àgọ́ náà mú.

"Ère kan jókòó síbẹ̀. Eruku kò sí lára rẹ̀. Ewé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ewé atíke. Ti apá òsì ṣẹ́ lórí, ó wọ́ lọ sí ìdí etí." Ó nu ojú rẹ̀. "Gbogbo àwọn yòókù ló dojú kọ ògiri. Òun nìkan ló dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Igun àríwá ló wá ṣófo."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Kí ni kí n sọ? Ọmọ ti wà lọ́rùn ẹ, ó ń ké pé ilẹ̀ gbóná. Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín ẹ."

Mo wo ògiri ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti kùn ún, funfun báláú, wúrà kò tíì kàn án. Ìlà rẹ̀ ṣàn wálẹ̀, kò sí ibi tó ti ṣẹ́. Bàbá Kywe mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo lè lọ bá a kó wó o. Mo lè wólẹ̀ níwájú àlùfáà títí wọn yóò fi gbà. Ṣùgbọ́n bí èyí bá jáde, ta ni n ó rán wọlé? Ọmọ náà ti wá dúró tì mí, ìró rẹ̀ rin fún omi, ó fi ọwọ́ gbígbóná di ìka mi mú.

"Màmá, ebi ń pa mí."

A ń lọ sílé. Ní géètì ńlá, àwọn ìyá ń ké orúkọ ọmọ wọn, ọ̀sán sì gbóná, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Bó ti kàn mí, mo la ẹnu. Ṣaworo tó wà lókè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti apá ìwọ̀-oòrùn, nísàlẹ̀, ní gíga ọmọ ọdún mẹ́rin, mo gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀ ju ohùn ara mi lọ. Kò pariwo. Kò sunkún.

"Màmá, ẹ fi orúkọ pè mí."

Ọwọ́ kékeré tó wà lọ́wọ́ mi le gírígírí. Ọmọ náà gbójú sókè wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́," ó wí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. "Ẹ má pè é."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo gbé èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì wọ ọkọ̀.

Mo lè kọ orúkọ Pwint sínú ìwé, bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. N kò jẹ́ pè é síta mọ́. "Ọmọ mi" ni mo ń pe èyí tó wà nílé, ó sì ń dáhùn, ó ń jẹun, ó ń dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, tí afẹ́fẹ́ bá gba orí odò wá láti apá Myasigon, mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo máa ń gbé e lé itan, mo máa ń fi ọwọ́ mi méjèèjì di etí rẹ̀ pa.

Tèmi wà ní ṣíṣí sílẹ̀.